Bí Ẹ̀rọ Kan Ṣe Ń Farawé Òmíràn

Ọpọ́n ayò a máa dùn ún wò bí a bá fi igi dáradára gbẹ́ ẹ, tí a sì fín ọnà sí i lára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní ọpọ́n kò ṣàìta ayò. Yóò gbẹ́ ihò méjìlá sí ilẹ̀, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Yóò ṣa òkúta wẹ́wẹ́ méjìdínláàádọ́ta, yóò sì fi mẹ́rin mẹ́rin sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀ta àti òpè bá jókòó ti ihò wọ̀nyí, ọ̀ta náà ni yóò jẹ, òpè náà ni a óò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìbá ti rí lórí ọpọ́n olówó iyebíye. Kí ni ìdí rẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé ayò kì í ṣe igi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òkúta. Òfin ni ayò. Ibikíbi tí a bá ti lè pa òfin náà mọ́ láìyẹsẹ̀, ibẹ̀ ni ayò wà.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ń lò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ mìíràn tí kò bá a jọ. Ètò tí ó ń mú èyí ṣeé ṣe ni a lè pè ní ètò afarawé. Kì í ṣe pé a tú ẹ̀rọ kan, kí a sì kó ẹ̀yà ara rẹ̀ sínú èkejì. Ohun tí a ń ṣe ni pé a kọ́ gbogbo òfin tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ń tẹ̀ lé, a kọ wọ́n sílẹ̀ ní èdè tí ẹ̀rọ kejì gbọ́, ẹ̀rọ kejì a sì máa hùwà bí ẹni pé òun gan-an ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Bí a bá wá gbé iṣẹ́ tí a ti ṣe fún ẹ̀rọ àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́, iṣẹ́ náà kò ní mọ̀ pé ilé onílé ni òun wà.

Ọgbọ́n náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà kéde ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n pè ní System/360. Àwọn oníbàárà wọn ti ná owó púpọ̀ lórí ètò tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà 1401, èyí tí IBM ti kéde ní ọdún 1959. Bí ẹ̀rọ tuntun kò bá gbọ́ èdè ti àtijọ́, gbogbo làálàá wọn yóò di asán. Nítorí náà ni IBM ṣe mú kí àwọn kan nínú ẹ̀rọ tuntun wọ̀nyí lè farawé 1401. Ní sáà kan náà, kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Nàìjíríà ni. Iṣẹ́ ìkànìyàn ìgbà náà sì wà lára ohun tí a kọ́kọ́ fi í ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ibi tí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti lè wúlò ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, kí ó lọ sí Ìkẹjà. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ni ó so Ìkẹjà pọ̀ mọ́ Agége, ìlú tí a mọ̀ fún obì àti búrẹ́dì, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì ti dìde káàkiri agbègbè méjèèjì láti ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wá. Ó ti mọ́ àwọn ènìyàn ibẹ̀ lára láti máa tú ẹ̀rọ, kí wọ́n sì tún un tò. Ní àwọn ọdún 1990, òwò kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ilé gbígbé tí ó wà ní òpópónà Òtígbà àti àwọn òpópónà tí ó yí i ká, títí ibẹ̀ fi di ọjà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Computer Village.

Kọ̀ǹpútà tuntun ń dé sí ọjà yìí, tòkunbọ̀ náà sì ń dé sí i. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, wá ṣe ìwádìí ní Èkó. Nínú ìjábọ̀ wọn, wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ohun èlò kọ̀ǹpútà àlòkù ni ó ń gba èbúté Èkó wọlé lóṣooṣù. Wọ́n jẹ́rìí sí i pé àwọn atúnṣe tí ó mọṣẹ́ pọ̀ ní ọjà Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ pé èyí tí kò ṣeé tà, tí kò sì ṣeé tún ṣe nínú ẹrù náà, lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ààtàn ni púpọ̀ nínú èyí ń lọ. A máa ń dáná sun ún, èéfín rẹ̀ ń wọ inú afẹ́fẹ́, òjé inú dígí rẹ̀ sì lè wọ inú ilẹ̀ tí omi mímu ti ń wá. Nítorí náà, kí a tó ju kọ̀ǹpútà kan nù, ó yẹ kí a bèèrè bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ti tán ní tòótọ́. Ẹ̀rọ tí kò lè gbé iṣẹ́ òde òní mọ́ ṣì lè gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó dàgbà jù ú lọ. Àpẹẹrẹ kan ni ẹ̀rọ géèmù àtijọ́.

Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1983, ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé ẹ̀rọ géèmù kan jáde ní Japan. Orúkọ rẹ̀ ni Family Computer. Kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Éṣíà fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó fi mọ géèmù ní àwọn ọdún 1990. Wọn a so ó mọ́ tẹlifíṣàn, wọn a ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rẹ̀, wọn a sì mú páàdì dání títí òbí yóò fi lé wọn lọ kàwé. Lónìí, ike ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà ti sán, ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ sí ti dípẹtà, a kò sì rí ẹ̀yà tuntun fi dípò èyí tí ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n òfin tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé kò dípẹtà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lè gbẹ́ ihò mìíràn síbòmíràn.

Ẹ̀rọ kékeré ni Family Computer. Ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ìbátan ọpọlọ 6502, èyí tí Chuck Peddle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé-iṣẹ́ MOS Technology ní ọdún 1975. Iyè tí ọpọlọ náà fi ń ṣiṣẹ́ kò ju báìtì 2,048 lọ. Bí a bá ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí báìtì kan, àyọkà yìí nìkan ti ju ohun tí ó lè gbà lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Gbogbo géèmù Super Mario Bros., tí ó jáde ní ọdún 1985, kò ju báìtì 40,960 lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó wà níwájú ẹni tí yóò kọ ètò afarawé ni láti farawé ọpọlọ náà. Nọ́ńbà tí a tò lẹ́sẹẹsẹ ni géèmù tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà kan lè jẹ́ àṣẹ, ó sì lè jẹ́ ohun tí a fẹ́ fi àṣẹ ṣe. Fún àpẹẹrẹ, bí ọpọlọ náà bá pàdé 169, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ó mú nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e, kí ó sì fi í sínú àpò kékeré kan tí à ń pè ní A. Bí ó bá pàdé 133, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ó kọ ohun tí ó wà nínú àpò A sí ojúlé iyè tí nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e dárúkọ. Nítorí náà, bí kásẹ́ẹ̀tì bá wí pé 169, 5, 133, 16, ohun tí ó ń sọ ni pé: “Kọ 5 sí ojúlé 16.” Irú àṣẹ báyìí tí ọpọlọ 6502 mọ̀ jẹ́ 151.

Ètò afarawé a máa ṣe bí ògbufọ̀ inú kóòtù. Ó ń gbọ́ gbólóhùn kan, ó ń mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó ń sọ ọ́ ní èdè kejì, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbọ́ gbólóhùn tí ó kàn. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ rere kì í fi ohunkóhun sílẹ̀. Báìtì kan kò lè gba nọ́ńbà tí ó ju 255 lọ. Bí ọpọlọ náà bá fi 1 kún 255 nínú àpò A, yóò padà di 0, ọpọlọ náà yóò sì gbé àsíá kan sókè láti fi hàn pé nǹkan ṣẹ́kù. Bí ẹni tí ó kọ ètò bá gbàgbé àsíá kékeré yìí, ìṣirò yóò yí padà, ẹni tí ó yẹ kí ó fo kòtò yóò kó sínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tètè mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá.

Ọpọlọ nìkan kọ́ ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀yà kejì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán sí ojú tẹlifíṣàn. Ẹ̀yà méjèèjì yìí dà bí ìyáàlù àti omele. Bí ọpọlọ bá lu ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀yà àwòrán yóò lu ẹ̀ẹ̀mẹta. Nínú ẹ̀rọ tí wọ́n tà ní Japan, ọpọlọ náà ń lu nǹkan bí 1,790,000 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán sì ń yí padà ní nǹkan bí ìgbà 60 láàrin àkókò kan náà. Èyí fi hàn pé nǹkan bí ìlù 29,780 péré ni ọpọlọ ní fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ètò afarawé tí ó bá gbọ́ gbogbo àṣẹ, ṣùgbọ́n tí kò mọ ìlù, kò tíì dé ibi tí ó ń lọ.

Àpẹẹrẹ èyí wà nínú Super Mario Bros. Bí ilẹ̀ àti àwọsánmà ti ń rìn lọ lójú tẹlifíṣàn, ìlà òkè tí a kọ máàkì sí kì í mira. Báwo ni èyí ṣe ṣeé ṣe nígbà tí gbogbo àwòrán ẹ̀yìn jẹ́ odindi kan? Àwọn tí ó ṣe géèmù náà fi àmì kékeré kan pamọ́ sínú ìlà òkè. Bí ẹ̀yà àwòrán bá ti ya dé ibi tí àmì náà wà, yóò gbé àsíá kan sókè. Géèmù a máa dúró de àsíá yìí, kí ó tó pàṣẹ pé kí ìyókù àwòrán ṣí kúrò. Bí ètò afarawé kò bá gbé àsíá náà sókè, géèmù yóò dúró títí láé, bí èrò tí ó ń retí ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ kì í dé. Ẹni tí ń wò ó yóò rò pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, òfin kan ṣoṣo ni a gbàgbé.

Ó wá ku agbára kọ̀ǹpútà tí ó gba àlejò yìí sílé. Commodore 64, kọ̀ǹpútà ilé tí ó jáde ní ọdún 1982, ní ọpọlọ tí ó jẹ́ ìbátan 6502. Ènìyàn lè rò pé nítorí ìbátan yìí, yóò rọrùn fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlù tirẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà àwòrán rẹ̀ kò gbọ́ òfin kan náà. Ẹni tí kò lè gbé ẹrù ara rẹ̀ tán kò lè gbé ti àlejò.

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó ní ọpọlọ Pentium sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó ń lu mílíọ̀nù 100 nínú ìṣẹ́jú àáyá yá ju Family Computer lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 56. Ìyàtọ̀ yìí dà bí ọrọ̀ tí kò lè tán, ṣùgbọ́n ó ń tán. Àṣẹ kan ṣoṣo ti àlejò lè gba ogún ìlù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ onílé, nítorí yóò kà á, yóò wá ìtumọ̀ rẹ̀, yóò ṣe é, yóò tún àwọn àsíá ṣe, yóò sì ka iye ìlù tí ó gbà. Àwòrán kan ní ẹ̀kán 256 ní ìbú àti 240 ní òró, èyí tí í ṣe 61,440. Bí a bá ya á ní ìgbà 60, ó di 3,686,400 ẹ̀kán nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, láì tíì ka ohùn mọ́ ọn.

Nítorí náà, olùkọ ètò fún kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní láti ṣọ́ owó ná. Ó lè ya ìlà àwòrán kan lẹ́ẹ̀kan náà dípò kí ó máa ya á ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ó lè fo àwòrán kan nínú méjì bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀nà yìí ni NESticle gbà, ètò tí ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1997 fún kọ̀ǹpútà tí ń lo MS-DOS. Ó yára, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì lò ó, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé gbogbo òfin ẹ̀rọ náà pérépéré, àwọn géèmù kan kò sì rí bí ó ti yẹ lórí rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú rẹ̀, Marat Fayzullin ti kọ ètò iNES, ọ̀nà tí ètò náà gbà ń to nọ́ńbà inú kásẹ́ẹ̀tì pamọ́ sì ni a ṣì ń lò lónìí. Ìyára tàbí òtítọ́: ibi tí agbára bá ti kéré, a kò lè ní méjèèjì lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Ọgbọ́n olùkọ ètò ni láti mọ èyí tí ó ṣeé yọ̀ǹda. Àwọn àgbà sọ pé bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ ńlá bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ ni CHIP-8, tí Joseph Weisbecker dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 fún kọ̀ǹpútà kékeré COSMAC VIP. Àṣẹ rẹ̀ kò ju 35 lọ, àwòrán rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán 64 ní ìbú àti 32 ní òró, kọ̀ǹpútà tí ó bá sì rẹ̀yìn jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù lè gbé e. Bí ó bá ti mọ èyí, kí ó tó bọ́ sórí 6502. Ìdánwò kan wà níbẹ̀ fún un, nestest ni orúkọ rẹ̀, Kevin Horton ni ó ṣe é. Àkọsílẹ̀ ohun tí ó yẹ kí ọpọlọ ṣe ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá a rìn. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi tirẹ̀ wé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan; ìlà tí ó bá ti kọ́kọ́ yàtọ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Ìdánwò yìí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, kò sì gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 2000, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ láàrin Sony àti Connectix. Connectix ṣe ètò tí ó mú kí kọ̀ǹpútà Macintosh farawé ẹ̀rọ PlayStation. Ilé-ẹjọ́ náà gbà pé ẹ̀dà tí Connectix ṣe nígbà tí ó ń wádìí bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ kò lòdì sí òfin. Ṣùgbọ́n géèmù tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ní olówó. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti Nàìjíríà, tí ọdún 2022, dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ó ti dáàbò bo ìwé. Ẹni tí ó kọ́ òfin ayò kò jalè. Ẹni tí ó gbé ọpọ́n onílé lọ ni olè.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé eré ọmọdé ni gbogbo èyí. Kí ó rántí iṣẹ́ àwọn ọmọ wa. Ní ọdún 2012, Abíọ́lá Ọláníran, tí ó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá ilé-iṣẹ́ Gamsole sílẹ̀. Géèmù tí wọ́n ṣe fún fóònù Windows Phone tàn kálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àìmọye ènìyàn ní ilẹ̀ wa àti lókè òkun. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Microsoft ti ilé ìtajà orí Windows Phone 8.1 pa. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí a kọ fún irú fóònù yẹn nìkan dà bí ìwé tí a kọ ní èdè tí àwọn tí ó gbọ́ ọ ń kú tán lọ. Kò tó ogún ọdún tí fóònù náà fi wá, tí ó sì fi lọ. Bí kò bá sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń farawé ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa yóò máa tẹ̀ lé ẹ̀rọ wọ ààtàn.

Lọ́pọ̀ ìgbà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ nípa ètò láti kó Computer Village kúrò ní Ìkẹjà lọ sí Kàtángówà. Bí a bá kó o lọ, tàbí bí a kò kó o lọ, ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni ọjà náà, gẹ́gẹ́ bí igi kì í ti í ṣe ayò. Ìmọ̀ tí ó wà lórí àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ ni ọjà. Ẹ̀rọ yóò gbó, ike yóò sán, irin yóò dípẹtà. Ẹni tí ó bá kọ́ òfin inú wọn kí wọ́n tó lọ, ọwọ́ rẹ̀ ni wọn yóò ti máa jí.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni àyọkà yìí sọ pé ayò jẹ́ ní tòótọ́? Báwo ni èyí ṣe jọ ètò afarawé?
2. Kí ni ó mú kí IBM ṣe ẹ̀rọ tuntun tí ó lè farawé kọ̀ǹpútà 1401?
3. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá wí pé 169, 9, 133, 20, kí ni ọpọlọ 6502 yóò ṣe?
4. Ṣe àlàyé ìdí tí Super Mario Bros. fi lè dúró láìmira bí a bá gbàgbé àsíá kan ṣoṣo.
5. Kí ni ìdí tí ìyára ìlọ́po 56 kò fi pọ̀ tó bí a ti lè rò?
6. Kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ọwọ́ ìlú rẹ tí irinṣẹ́ rẹ̀ ti ń parẹ́, kí o sì sọ ọ̀nà tí a lè gbà pa òfin iṣẹ́ náà mọ́.